Ẹ Jẹ́ Kí Wolé-wolé Máa Wo Ẹ̀dọ̀ Adìẹ Pẹ̀lú

Bí wọ́n bá pa màlúù, gbogbo wa la mọ̀ pé ó yẹ kí wolé-wolé yẹ ẹ̀dọ̀ àti fùkù rẹ̀ wò kí alápatà tó gé e tà. Adìẹ tí a ń pa nínú ọjà wa, láti Kàbbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀, kì í sábà rí ẹni wo inú rẹ̀ àfi ẹni tó ń tà á. Èrò tiwa ni pé ó tó àsìkò kí ìjọba ìbílẹ̀ márààrún ilẹ̀ Okun ní Ìpínlẹ̀ Kogí fi òpin sí èyí.

Inú ẹ̀dọ̀ ni ọ̀pọ̀ àrùn adìẹ ti máa ń fara hàn. Ẹ̀dọ̀ tó dára a máa pọ́n rẹ́súrẹ́sú, a máa dán, kì í sì í fọ́ bí a bá rọra fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá wú, tí àwọ̀ rẹ̀ yí sí ti idẹ, tàbí tí àmì funfun wínníwínní fọ́n ká ara rẹ̀, àmì àìsàn ni, odindi adìẹ náà ló sì yẹ kí a fura sí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò mọ èyí nígbà tí wọ́n bá ti kó ẹ̀dọ̀ àti iwe sọ́tọ̀ sínú abọ́, tí adìẹ tó ni wọ́n sì ti wà nínú ìkòkò ẹlòmíràn? Adìẹ tí àrùn kọlù nígbà ọyẹ́, tí ẹni tó ni ín sáré pa kí ó má baà kú sí i lọ́wọ́, lè gba ibẹ̀ wọ ọjà láìsí ìdíwọ́.

A kò fi èyí dá àwọn ìyá tó ń ta ẹran adìẹ lẹ́bi. Ẹ̀dọ̀ adìẹ ẹlẹ́yin tó sanra lè pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ láìsí àrùn, èyí tí òróòro bẹ́ sí lára yóò sì korò lásán ni. Ojú tó kọ́ṣẹ́ ló lè mọ ìyàtọ̀. Ohun tó bà wá lọ́kàn jẹ́ ni bàsíà omi kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń ṣan ìfun, tí wọ́n tún fi ń ṣan iwe tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó awọ inú rẹ̀, adìẹ kan lẹ́yìn òmíràn, nítorí pé kò sí omi ẹ̀rọ nítòsí.

Àwọn ewu kan wà tí ojú kò lè rí. Oògùn tí a fún adìẹ a máa pẹ́ nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ bí olùsìn kò bá dúró di ọjọ́ tí dókítà ẹran dá fún un kó tó tà á. Salmonella àti Campylobacter, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń fa inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru, kì í yí àwọ̀ ẹran padà, Campylobacter sì lè wà nínú ẹ̀dọ̀ gan-an, tí omi ìfọ̀ kò lè dé. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ṣe ní kí inú ẹ̀dọ̀ gbóná dé ìwọ̀n 74 lórí òṣùwọ̀n Celsius bí a bá ń sè é. Àwọn ọmọdé àti aláboyún ni a sì máa ń fi ẹ̀dọ̀ bọ́ kí wọ́n lè lẹ́jẹ̀ lára, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ni irú àìsàn bẹ́ẹ̀ tètè ń dá gúnlẹ̀.

Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀, fi ibi ìpẹran àti ọjà sí abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Kí wọ́n kọ́ pèpéle ìpadìẹ tó ní omi sínú ọjà ńlá kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n yan wolé-wolé síbẹ̀ lọ́jọ́ ọjà, kí wọ́n sì pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ já ẹ̀dọ̀ kúrò lára adìẹ kí wolé-wolé tó wò ó. Owó tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà ni kí wọ́n kọ́kọ́ ná sí i.