John Boyers àti Iṣẹ́ Pásítọ̀ Láàrin Àwọn Agbábọ́ọ̀lù

Fídíò kan tí wọ́n ń pín kiri lọ́sẹ̀ yìí ló bí mi nínú: wòlíì kan ń da òróró sórí bàtà àwọn agbábọ́ọ̀lù, ó sì ń ka iye góòlù tí wọn yóò gbá wọlé lọ́jọ́ kejì. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí àdúrà, onígbàgbọ́ ni mí. Ohun tó ń dùn mí ni pé irú èyí nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ sí iṣẹ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run láàrin àwọn eléré ìdárayá, bẹ́ẹ̀ John Boyers ti fi ọ̀nà mìíràn hàn láti ọdún 1977.

Àlùfáà ìjọ Onítẹ̀bọmi ni Boyers ní ìlú Watford, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1977 ni ó sì di àlùfáà tó ń tọ́jú àwọn ènìyàn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Watford. Lọ́dún náà, Elton John olórin ni alága ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú náà, Graham Taylor ṣẹ̀ṣẹ̀ di akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, ìpele kẹrin tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n sì ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1982, wọ́n ti gòkè dé ìpele àkọ́kọ́. Ní 1984, wọ́n dé àṣekágbá ife ẹ̀yẹ FA kí Everton tó nà wọ́n. Èmi kò rí ibi kankan tí Boyers ti sọ pé àdúrà òun ló gbé wọn débẹ̀. Ní 1991, ó dá àjọ SCORE sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ àlùfáà láàrin eléré ìdárayá yìí, èyí tó di Sports Chaplaincy UK lónìí, ní 1992 ó sì lọ sí Manchester United, níbi tí Alex Ferguson ti jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ẹgbẹ́ méjèèjì yìí náà ni Odion Ighalo, ọmọ Ajégúnlẹ̀ wa, gbá bọ́ọ̀lù fún lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìlànà iṣẹ́ náà ni pé kí àlùfáà máa tọ àwọn ènìyàn lọ láti tọ́jú wọn láìdúró de ìpè, ṣùgbọ́n kí ó dúró kí wọ́n bi í kó tó dá ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn sílẹ̀. Ẹni tó ń fọ aṣọ eré àti ẹni tó ń se oúnjẹ wà lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù olówó ńlá ti wà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan níhìn-ín, tí èmi kò ní dárúkọ. Kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù, pásítọ̀ kan a máa wá, a mú wọn kúnlẹ̀ láàrin pápá, a fi òróró kàn wọ́n lórí. Lọ́jọ́ tí eékún ọmọ náà yẹ̀ níbi ìgbáradì, orí ọ̀kadà ni wọ́n gbé e sí, ó jókòó láàrin ọlọ́kadà àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ náà nà gbọọrọ síta. Kò pẹ́ tí wọ́n fi yọ orúkọ rẹ̀ kúrò bí ẹni yọ jìgá, ẹlòmíràn sì gba bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nínú ilé tí ẹgbẹ́ náà kó wọn sí. Pásítọ̀ tó ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ẹsẹ̀ yẹn yóò gbá bọ́ọ̀lù ní Yúróòpù kò yọjú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń fi omi gbígbóná àti táwẹ́lì jó eékún náà lálaalẹ́, ọmọ náà a sì kọjú sí ògiri láìsọ̀rọ̀. Ẹnì kan tí yóò jókòó tì í, tí kò ní bi í bóyá ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló kéré, ni ó nílò.

Àwọn kan yóò ní ti òyìnbó yàtọ̀ sí tiwa, pé ogun ayé pọ̀ níhìn-ín. Kí wọ́n máa wí. Ohun tí èmi gan-an kò tíì rí ìdáhùn sí rèé: Taylor gba Boyers láyè tọkàntọkàn, ọ̀pọ̀ nínú irú àwọn àlùfáà bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún kì í sì í gba owó oṣù. Ṣùgbọ́n níhìn-ín, níbi tí Mùsùlùmí àti Kristẹni ti jọ ń sùn nínú yàrá kan, ta ni gbogbo wọn yóò finú hàn? Ẹgbẹ́ tó jẹ àwọn ọmọ lówó oṣù, ṣé yóò fẹ́ kí ẹni tó ń gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn wọn máa wọlé wá? Mo fẹ́ gbà pé irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ wà, ṣùgbọ́n èmi kò lè fọwọ́ sọ̀yà.