Ẹni Tó Sanwó Sùn Nínú Àká

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tó bá kó wọ ilé tí kò tíì rẹ́ máa ń ṣe àwáwí kí àlejò tó jókòó: yóò ní ara bíríkìlà ni kò yá, tàbí pé sìmẹ́ńtì ló gbówó lórí, nítorí pé ojú àpọ́nlé kọ́ ni ayé fi ń wo ògiri tí kọnkéré rẹ̀ wà níhòòhò. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n wa kan ní àdúgbò, tí bíríkìlà mẹ́ta ti pàdánù iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn rí nítorí ògiri tí kò dán tó, wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ sí Cape Town, wọ́n sì kó ogójì àwòrán ògiri àìrẹ́ bọ̀ wálé. Nínú èyí tó wù wọ́n jù, wọ́n fẹ̀yìn ti kọnkéré kan tó rí págunpàgun, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó fẹ̀yìn ti ògiri ààfin baba rẹ̀.

Silo Hotel ni wọ́n dé sí, ní èbúté V&A Waterfront. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà dẹ́rù bà yín, àká ni. Wọ́n parí rẹ̀ ní 1924, ó ga tó mítà 57, ọkọ̀ ojú irin a máa kó àgbàdo wá síbẹ̀, ọkọ̀ òkun a sì kó o lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, títí tí iṣẹ́ fi dáwọ́ dúró níbẹ̀ ní 2001. Nígbà tó yá, wọ́n pe Thomas Heatherwick, ẹni tó ń ya àwòrán ilé ní Ìlú Ọba, pé kó wá fi àká náà dá àrà. Ní 2017, hòtẹ́ẹ̀lì oníyàrá 28 ṣílẹ̀kùn ní òkè rẹ̀, pẹ̀lú fèrèsé gíláàsì tó wú síta bí ìrọ̀rí. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé iṣẹ́ ọnà Áfíríkà òde òní sì ṣílẹ̀kùn ní ìsàlẹ̀, níbi tí ihò kọnkéré gbọọrọ 42 tí wọ́n ń da ọkà sí wà tẹ́lẹ̀. Hóró àgbàdo kan ṣoṣo ni wọ́n fi kọ̀ǹpútà ya ìrísí rẹ̀, wọ́n fẹ̀ ẹ́ títí ó fi ga tó ilé alájà mẹ́wàá, wọ́n sì gbẹ́ ìrísí náà sínú kọnkéré láti fi ṣe gbọ̀ngàn.

N kò bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ ọwọ́ wọn, nítorí ó rẹwà. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ẹ̀gbọ́n wa, tí wọ́n fi oko àgbàdo baba wọn sílẹ̀ fún igbó, tó jẹ́ pé bí ìyá àgbà bá fi àgbàdo ránṣẹ́ láti abúlé, dírẹ́bà ni wọ́n ń ní kó máa gbé e lọ, dúró nínú hóró kan tí kò ṣeé sun, tí kò ṣeé sè, wọ́n sì ṣí fìlà fún un. N kò ní dárúkọ iye tí wọ́n san fún oorun òru kan, kí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn má baà ru. Ọjọ́ pẹ́ tí eku ti ń sùn nínú àká, kò san kọ́bọ̀ rí.

Àrùn náà kò mọ ní Cape Town. Ní Liverpool, níbi tí epo pupa ilẹ̀ wa máa ń gúnlẹ̀ sí láyé àwọn baba ńlá wa, wọ́n sọ ilé ìpamọ́ ọtí rọ́ọ̀mù kan ní Stanley Dock di hòtẹ́ẹ̀lì ní 2014, wọ́n sì sọ ọ́ ní Titanic, orúkọ ọkọ̀ tó rì ní 1912. Kò sí babaláwo tí yóò sọ ọmọ ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ní Amsterdam, inú kírénì ni àlejò ń sùn, ní ibùdó tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ òkun nígbà kan rí. Yàrá mẹ́ta péré ló wà nínú rẹ̀.

Òfin kan ṣoṣo ni àṣà yìí ní: iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti kú níbẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ṣì ń ké, ìdíwọ́ oorun ni. Bó bá ti dákẹ́, tó ti dípẹtà, wọn a tan iná pẹ́pẹ́ sí i lára, àwọn èèyàn a sì máa fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀ níwájú rẹ̀ bí ẹni tó wọ ojúbọ. Àwọn tí eruku ọkà wọ̀ lọ́fun nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò sí nínú ogójì àwòrán ẹ̀gbọ́n.

Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n ránṣẹ́ pe bíríkìlà kẹta pé kó wá ha gbogbo rírẹ́ tó wà ní pálọ̀ kúrò. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ bá mi wí.” Ó gbà pé wọ́n ń fi ìyà jẹ òun ni.

Lọ́sẹ̀ kejì, èmi àti ẹ̀gbọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ lórí afárá Third Mainland. Bí a ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Oko Bàbá, níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú létí ọ̀sà nígbà náà, èéfín eruku pákó gba ojú ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n sì ní kí dírẹ́bà yí gíláàsì sókè kíá. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, etí omi rèé, ilé iṣẹ́ àtijọ́ rèé, pákó tí kò dán sì kún ibẹ̀. Ṣé kí n bá yín béèrè yàrá?”

Wọ́n fi ìnujú bo imú. “Àbúrò,” ni wọ́n wí, “jẹ́ kí wọ́n ṣíwọ́ iṣẹ́ ná.”