Onígìtá tó dá àwo tirẹ̀ ṣe kò bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jà

Ọmọkùnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ olórin ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí ní Abẹ́òkúta. Gìtá ló ń ta. Kì í pẹ́ dé ibi ìdánrawò, òun náà ló sì máa ń ká wáyà nílẹ̀ nígbà tí àwa tó kù bá ti ń wá ọkọ̀ Pánṣẹ́kẹ́. Lóṣù tó kọjá, ó gba orin mẹ́ta sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ní sítúdíò kékeré kan, ó sì fi wọ́n sórí WhatsApp. Kó tó di ọjọ́ Ìsinmi, ọ̀rọ̀ ti kárí: ó ti fẹ́ kúrò, orí rẹ̀ ti wú. Wọ́n ní kó lọ jókòó ná. Nígbà tí mo bá a bẹ̀bẹ̀, bàbá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an dá mi lóhùn pé, “Ìwọ náà wo àwọn òyìnbó onírọ́ọ̀kì. Ọjọ́ tí onígìtá wọn bá ti dá àwo ṣe ni ẹgbẹ́ ń tú.”

Bàbá, ẹ má bínú, kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àgbà àti ọmọdé, ó sì ń dùn mí, nítorí àwọn ọ̀dọ́ tó mọ̀ ọ́n ta ló ń jìyà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo Brian May, onígìtá Queen, ẹgbẹ́ onírọ́ọ̀kì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dáadáa. Lọ́dún 1963, nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ iléèwé, òun àti bàbá rẹ̀ jókòó sílé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kan gìtá. Pákó tó wà lókè ibi ìyáná àtijọ́ kan ni wọ́n fi gbẹ́ ọrùn rẹ̀, sípíríǹgì alùpùpù àtijọ́ sì wà nínú rẹ̀. Gìtá yìí ló ń ta títí di òní. Ohun tó fi ń ta á ni mo fẹ́ràn jù: sísì ni! Sísì Gẹ̀ẹ́sì, irú owó tí àwọn bàbá wa ná kí náírà tó dé. Etí sísì ní eyín wẹ́wẹ́ yíká. Bó bá ti kan okùn, ohùn gìtá a máa ha díẹ̀ kó tó dún geere. Ẹni tó bá ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, kò ní ṣì í mọ̀.

Ọdún 1970 ni Queen bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tó di 1983, wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti sinmi díẹ̀. Brian May wà ní Los Angeles, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sì fẹ́ràn eré ọmọdé kan lórí tẹlifíṣọ̀n, ni bàbá bá ní òun fẹ́ fi gìtá ta orin eré náà. Ní oṣù kẹrin, ó pe Eddie Van Halen, onígìtá ẹgbẹ́ Van Halen, àti àwọn olórin mélòó kan mìíràn wọ sítúdíò. Ọjọ́ méjì péré ni wọ́n lò. Orin mẹ́ta ni wọ́n kó jáde, iye kan náà pẹ̀lú ti ọmọ tiwa yìí.

Ṣé Queen wá tú? Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tún ti wà ní sítúdíò pọ̀. Àwo wọn jáde ní oṣù kejì 1984, orin tí Brian May fúnra rẹ̀ kọ sì wà nínú rẹ̀. Ní July 13, 1985, wọ́n dúró ní pápá Wembley, wọ́n kọ orin tí ayé ò tíì gbàgbé. Roger Taylor, onílù wọn, sì ti gbé àwo tirẹ̀ jáde láti 1981. Ikú Freddie Mercury, akọrin wọn, ní November 24, 1991 ló dá ìrìn àwọn mẹ́rin náà dúró. Odidi àwo àkọ́kọ́ tí Brian May dá ṣe, ọdún 1992 ló jáde.

Eddie Van Halen tó bá a ta gìtá náà ńkọ́? Ó ti bá Michael Jackson ta gìtá lọ́dún 1982. Ẹgbẹ́ tirẹ̀ ló wà títí ó fi kú lọ́dún 2020.

Mi ò ní purọ́, ìjà máa ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí Mick Jagger, akọrin ẹgbẹ́ Rolling Stones, dá àwo ṣe lọ́dún 1985, ó dun Keith Richards, onígìtá wọn, wọra. Àwo Rolling Stones tó jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọn ò rìnrìn àjò kankan fún un. Ìgbà tí iṣẹ́ ẹgbẹ́ dúró báyìí ni Keith gbé àwo tirẹ̀ jáde, ní 1988. Lọ́dún 1989, wọ́n ti jọ wà lórí pèpéle padà. Ẹ ò rí i pé àwo tí onígìtá dá ṣe kọ́ ló dá ìjà sílẹ̀, kò sì dí ìpadàbọ̀ lọ́wọ́.

Mo mọ ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti wá: inú jùjú tiwa ni. Shina Peters àti Segun Adewale wà lábẹ́ Prince Adekunle, ọmọ Abẹ́òkúta níbí. Wọ́n kúrò, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ pọ̀, nígbà tó yá àwọn méjèèjì náà pínyà. Ohun tí ojú àwọn bàbá wa rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n nínú jùjú, ọ̀gá ló ni orúkọ ẹgbẹ́, ọ̀gá ló sábà máa ń ni irinṣẹ́, ọwọ́ ọ̀gá sì ni owó ìnáwó ń wọ̀ kó tó pín in. Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá ní orin nínú, ìta ló máa lọ kọ ọ́. Ti Queen ò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń kọ orin, kálukú ló sì ń mú orin tirẹ̀ wá. Àwo kan kì í gba gbogbo orin wọn, nítorí náà orin á ṣẹ́ kù sọ́wọ́ olúkúlùkù. Níbo ni Brian May ì bá ti fi orin eré ọmọdé sínú àwo Queen?

Mo ti gbọ́ orin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ọmọ wa ṣe. Ọ̀kan nínú wọn, gìtá nìkan ni, kò sí ìlù, kò sí ohùn, ó rọra ń lọ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lálẹ́. Kò sí ibi tí a lè kọ irú rẹ̀ sí láàárín ìyìn àti ìsìn. Ní Thursday tó kọjá, ó wá síbi ìdánrawò, ó jókòó sẹ́yìn lẹ́bàá ilẹ̀kùn láìsọ̀rọ̀. Nígbà tí a parí, ó dìde, ó ká wáyà.

Ẹ̀yin àgbà wa, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kó gbé gìtá rẹ̀ wá lọ́jọ́ Ìsinmi yìí.