Ìyá Ẹlẹ́ja àti Fíìmù Àlá

(Ọjà ẹja Olúwo ní Ẹ̀pẹ́. Ìyá Ẹlẹ́ja ń to àrọ̀ sórí àtẹ. Ọmọ rẹ̀, olùdarí fíìmù, wọlé pẹ̀lú awò dúdú, bẹ́ẹ̀ òòrùn kò dé abẹ́ páànù yẹn rí.)

ỌMỌ: Màámi, ẹ kú ọjà. Mo fẹ́ ṣe fíìmù nípa Ẹ̀pẹ́, Ẹ̀pẹ́ tí mo máa ń rí lójú àlá.

ÌYÁ: Ẹ̀pẹ́ tí ó wà níwájú rẹ yìí, ó dìgbà tí o bá sùn kí o tó rí i?

ỌMỌ: Guy Maddin, ará Kánádà, ṣe irú rẹ̀ nípa Winnipeg, ìlú rẹ̀, ní ọdún 2007, ó sì po òtítọ́ mọ́ irọ́ débi pé òǹwòran kò mọ èwo ni èwo. Ó ní iná lé àwọn ẹṣin wọ odò, omi dì mọ́ wọn lọ́rùn, orí wọn sì yọ síta ní gbogbo ìgbà òtútù, tí àwọn olólùfẹ́ fi ń ṣe fàájì láàárín wọn.

ÌYÁ: Ta ni ó ni àwọn ẹṣin náà? Ṣé wọ́n san owó rẹ̀ fún un?

ỌMỌ: Àlá ni, Màámi! Nínú tèmi, Ọba Kòsọ́kọ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé kúrò ní Èkó ní ọdún 1851 ni yóò máa bọ̀ wá sí Ẹ̀pẹ́ lórí ọ̀sà, àrọ̀ ni yóò sì máa wa ọkọ̀ rẹ̀.

ÌYÁ: Bí àwọn ará Èkó-Ẹ̀pẹ́ tí ń ṣe ọdún Káyókáyó lẹ́yìn Iléyá láti rántí bí Kòsọ́kọ́ ṣe dé Ẹ̀pẹ́ bá gbọ́ pé ẹja ni ó wa bàbá wọn wálé, ẹsẹ̀ ni ìwọ yóò fi sá dé Ìjẹ̀bú-Òde.

ỌMỌ: (ó ń wo ilẹ̀) Ó ku ohun kan. Maddin gba òṣèré kan, Ann Savage, pé kí ó ṣe ìyá òun. Èmi náà ti rí ìyá àgbà kan ní Ìkòròdú...

ÌYÁ: Ìyá kí ni? Èmi tí mo wà láàyè, tí mo ta ẹja ra kámẹ́rà fún ọ, ni o fẹ́ lọ yá ìyá ní Ìkòròdú?

ỌMỌ: Ẹ má bínú. Ẹ̀yin ni kí ẹ ṣe é, ṣùgbọ́n bí ẹ ti rí gan-an ni kí ẹ rí.

ÌYÁ: (ó tún gèlè wé) Èèwọ̀! Òórùn ẹja kò gbọdọ̀ sí lára mi. Orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni kí n jókòó sí, kí n kọjú sí ọ̀sà, kí Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ àti Èkó-Ẹ̀pẹ́, apá méjèèjì ìlú, wá kí mi papọ̀, kí bàbá rẹ tí kò bá mi gbé igbá rí sì máa fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí mi.

ỌMỌ: Irọ́ gbáà ni ìyẹn, Màámi.

ÌYÁ: Àlá ni.

ỌMỌ: Kòsọ́kọ́ ńkọ́?

ÌYÁ: Kí ó gúnlẹ̀ síwájú ìsọ̀ mi, kí ó ra ẹja, èmi kò sì ń tà á láwìn fún ọba. Ṣùgbọ́n kí àrọ̀ tí ó wa ọkọ̀ rẹ̀ dúró sínú omi o, nítorí bí ó bá fi lè gòkè, mo ti rí oníbàárà fún un.