Èsì wa sí ìràwọ̀ méjì tí ẹ fún wa lórí iṣẹ́ páswọ́ọ̀dù

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ ní ẹ sanwó kí páswọ́ọ̀dù kan ṣoṣo lè máa ṣí Windows àti sáfà Linux (ẹ̀rọ àjùmọ̀lò yín tí kì í lo Windows) fún àwọn òṣìṣẹ́ yín, ṣùgbọ́n láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, Linux ò gba ẹnikẹ́ni wọlé. Nígbà tó fi di Ọjọ́rú, àwọn kan ń wọlé, àwọn kan ò wọlé. Ẹ tún béèrè pé kí ló dé tí a ò kàn ṣe ẹ̀dà àwọn páswọ́ọ̀dù àtijọ́.

Windows kì í tọ́jú páswọ́ọ̀dù bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́, mà. Ńṣe ló máa ń lọ̀ ọ́ kúnná, èyí tó lọ̀ náà ló ń pa mọ́ sínú Active Directory, ìyẹn àkójọ orúkọ àti páswọ́ọ̀dù àwọn òṣìṣẹ́ lórí Windows. Linux náà ń lọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọlọ ọ̀tọ̀ ló ń lò, ó sì ń fi iyọ̀ sí i kó tó lọ̀ ọ́ (àwọn àmì àìròtẹ́lẹ̀ tó ń pò mọ́ ọn ni; iyọ̀ gan-an ni àwa oníṣẹ́ yìí ń pè é). Ata tí a ti lọ̀ kò ṣeé kó padà di odindi. Ìgbà kan ṣoṣo tí a lè rí páswọ́ọ̀dù mú ni ìgbà tí ẹni tó ni ín bá ń pààrọ̀ rẹ̀: Windows á fi han ètò kékeré kan tí a gbé síbẹ̀, ètò náà á sáré gbé e lọ fún Linux, ní ọ̀nà tí a ti bò kí ẹlòmíràn má baà rí i kà. Nítorí náà, ó yẹ kí gbogbo òṣìṣẹ́ ti pààrọ̀ tiwọn kí Ọjọ́ Ajé tó pé. A kọ ọ́ sínú ìwé tí a fún yín, ní ojú ewé kejì, láàárín ọ̀rọ̀ mìíràn. Ìyẹn ò tó. Ó yẹ ká pè yín lórí fóònù.

Ti Ọjọ́rú ló dùn mí jù. Sáfà Active Directory méjì lẹ ní, ètò yẹn sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ lórí méjèèjì, torí èyíkéyìí nínú wọn ló lè gba ìpààrọ̀. A gbé e sórí èkejì lóòótọ́, ṣùgbọ́n Windows kì í bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó àfi tí a bá pa sáfà náà, tí a tún un tàn. Ọ̀sán ni, àwọn èèyàn yín ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ọmọ iṣẹ́ wa ní òun á ṣe é lálẹ́. Kò padà wá. Ẹni tí ìpààrọ̀ rẹ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ sáfà èkejì, Linux ò gbúròó rẹ̀ rárá. Ẹ̀bi wa ni, mà, ẹ má bínú. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni mo fúnra mi tún un tàn, mo sì jókòó ti akọ̀wé yín títí páswọ́ọ̀dù tuntun tó fi ṣí ẹ̀rọ méjèèjì.

Ní tèmi, kò yẹ ká dúró síbẹ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ kí Linux máa bi Active Directory léèrè fúnra rẹ̀, nípasẹ̀ SSSD (ètò orí Linux tó ń bá Active Directory sọ̀rọ̀) àti Kerberos (ìlànà tí wọ́n fi ń mọ̀ pé ẹni tó fẹ́ wọlé ni ẹni tó pe ara rẹ̀). Páswọ́ọ̀dù á wà níbì kan ṣoṣo, kò ní sí èyí tí yóò ṣìnà lójú ọ̀nà. Aago nìkan la ó máa ṣọ́: bí ti àwọn sáfà bá fi ju ìṣẹ́jú 5 yàtọ̀ síra, Kerberos ò ní gbà. Bí ẹ bá fọwọ́ sí i, a ò ní gba kọ́bọ̀. Sátidé tí ẹ bá mú la ó wá, lẹ́yìn tí ẹ bá ti ilẹ̀kùn, èmi gan-an ni n ó sì wà níbẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé nígbà tí òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ bá fẹ́ wọlé.