Tíkẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ kà, ẹ fi ìka ọmọ sílẹ̀

Ọmọ Yorùbá tó bá kó ìdílé rẹ̀ lọ sí Orlando, ní ìpínlẹ̀ Florida l'Amẹ́ríkà, lásìkò ìsinmi, ì báà jẹ́ Houston ló ti wakọ̀ lọ, ì báà jẹ́ Èkó ló ti wọ bàálù, á ti náwó nára kó tó dé ẹnu ọ̀nà Magic Kingdom, ọgbà ìṣeré kan nínú Walt Disney World, ibùdó ìgbafẹ́ ilé iṣẹ́ Disney. Owó ọkọ̀, owó òtẹ́ẹ̀lì, owó tíkẹ́ẹ̀tì lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó rọ̀ lọ́rùn níbẹ̀. Ó wá dé iwájú òpó kan, ó fi tíkẹ́ẹ̀tì kàn án, òpó náà ò tíì jẹ́ kó wọlé. Nǹkan kan ṣẹ́ kù tí kò sí nínú rìsíìtì: kí ó tẹ ìka rẹ̀. Lẹ́yìn tirẹ̀, ó kan ọmọ ọdún 4 tó ń fà á láṣọ.

Èrò tiwa kò le láti sọ. Kí ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà máa ka tíkẹ́ẹ̀tì, ó dára. Kí ó máa ka ìka ọmọdé tàbí ojú rẹ̀, láìjẹ́ pé òbí ti mọ̀ nípa rẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó sì fọwọ́ sí i, kò dára, ó sì yẹ kí òfin dá a dúró.

A kì í ṣe ọ̀tá ẹ̀rọ. Ẹni tó bá rántí irin ayíbírí àtijọ́, èyí tí èèyàn máa ń fi itan tì kó tó yọ sódì kejì, mọ ìyà tó máa ń fi jẹ ẹni tó wà lórí àga oníkẹ̀kẹ́ àti ìyá tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ. Ní nǹkan bí ọdún 2013 ni Walt Disney World bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn irin náà kúrò, tí wọ́n ri òpó mọ́lẹ̀ dípò wọn. Èèyàn á kàn fi káàdì, tàbí MagicBand tó so mọ́ ọrùn ọwọ́, kan àmì Mickey tó wà lára òpó. Iná á tàn yí i ká, á di aláwọ̀ ewé, ó wọlé nìyẹn. Kò sí irin tó dí ọ̀nà. A gbé òṣùbà fún wọn lórí ìyẹn.

Jìbìtì ló lé wọn dé ìdí ìka. Jìbìtì tíkẹ́ẹ̀tì kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí Disneyland ní California, 17 oṣù Keje 1955, tíkẹ́ẹ̀tì ayédèrú wà lára ohun tó jẹ́ kí èrò pọ̀ ju iye tí wọ́n pè lọ. Ti Florida gba ọ̀nà mìíràn. Bí ọjọ́ tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì bá ṣe ń pọ̀ sí i ni owó ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ń wálẹ̀, nítorí náà ẹni tó ra ti ọjọ́ 5, tó lo 3, á fẹ́ ta 2 tó ṣẹ́ kù fún ẹlòmíràn. Àwọn kan sọ ọ́ di òwò. Òfin Florida ka títa irú àlòkù tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, ìka ni Disney sì fi ń mọ̀ bóyá ẹni tó wá lánàá ló tún wá lónìí. Láti àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti ń lò ó fún àwọn tó ní páàsì, ìyẹn káàdì tí èèyàn fi ń wọlé léraléra. Nígbà tó yá, ó kárí àwọn àlejò yòókù. Ní 2016, ó dé orí àwọn ọmọ ọdún 3 sí 9, tí wọ́n ti ń yọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀nà wa ti pín. Ọmọ ọdún 3 wo ló ń ta àlòkù tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́bàá títì? Kì í dá wá sí ọgbà. Ẹni tó mú un wá ti tẹ ìka tirẹ̀. Disney fúnra wọn gbà pé òbí lè tẹ ìka tirẹ̀ dípò ti ọmọ. Bí ìka òbí bá tó, kí ló dé tí wọ́n tún ń béèrè ti ọmọ? Wọ́n ní àwọn kì í tọ́jú àwòrán ìka, pé ẹ̀rọ á sọ ọ́ di nọ́ńbà, á sì pa àwòrán rẹ́. A ò ní ẹ̀rí pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìlérí ilé iṣẹ́ kì í ṣe òfin, ilé iṣẹ́ a sì máa yí ọwọ́ padà.

Ìpínlẹ̀ Illinois ti rí èyí. Ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Pay By Touch máa ń jẹ́ kí oníbàárà fi ìka sanwó ọjà ní sọ́ọ̀bù. Gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó kógbá sílé, ẹ̀rù wá ń ba àwọn èèyàn pé ta ló máa ra ìka àwọn báyìí, pọ̀ mọ́ tábìlì àti àga tí wọ́n máa gbé sí gbàǹjo. Ọ̀rọ̀ yẹn wà lára ohun tó bí òfin kan ní 2008: ẹni tó bá fẹ́ gba ìka tàbí ìrísí ojú èèyàn gbọ́dọ̀ kọ ohun tó fẹ́ fi ṣe sílẹ̀, kó sọ bó ṣe máa pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó, kí onítọ̀hún sì buwọ́ lù ú. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, 1,000 dọ́là ni fún àìbìkítà, 5,000 dọ́là bó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ sì lè fúnra rẹ̀ gbé e lọ sí kóòtù, kò ní dúró de ìjọba.

Òfin yìí ló mú Six Flags Great America, ọgbà ìṣeré ńlá tó wà ní Gurnee. Ní 2014, ọmọkùnrin ọdún 14 kan bá ilé ìwé rẹ̀ lọ síbẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti ra páàsì fún un lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní kó tẹ àtàǹpàkò kó tó gba páàsì náà. Ó tẹ̀ ẹ́. Ìgbà tó délé ni ìyá rẹ̀ ní kó mú ìwé tí wọ́n fún un wá. Ọmọ ní kò sí ìwé kankan, ìka ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo rẹ̀ báyìí. Ọgbà náà jiyàn ní kóòtù pé nígbà tí jàǹbá kankan kò ṣe ọmọ, kí ni wọ́n ń pe ẹjọ́ sí? Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Illinois dá wọn lóhùn ní 25 oṣù Kìíní 2019: kò dìgbà tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ẹ̀tọ́ tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ ti tó ẹjọ́ pè. Ní 2021, Six Flags gbà láti san mílíọ̀nù 36 dọ́là.

Àwọn tó ń gbèjà ẹ̀rọ á ní wọn kò fipá mú ẹnikẹ́ni, pé ẹni tí kò bá fẹ́ lè fi káàdì ìdánimọ̀ hàn. Ó wà nínú ìlànà Disney lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe rí níbẹ̀. Oòrùn Florida mú hanhan, ìpara tí wọ́n fi ń dènà oòrùn ti jẹ́ kí ọwọ́ máa yọ̀. Ọmọ ti gbàgbé ìka tó tẹ̀ lánàá, àtàǹpàkò ló ń gbé lé ibi tó yẹ kó gbé ìka ìfábẹ̀lá lé. Iná kọ̀, kò di aláwọ̀ ewé. Òṣìṣẹ́ ní kó nu ọwọ́, kó tún un tẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn ti ń kùn. Ta ni yóò dúró síbẹ̀ máa béèrè ìlànà? Ẹ̀tọ́ tí òṣìṣẹ́ ò bá dárúkọ rẹ̀, ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ nìkan ló ń jẹ ẹ́.

Ojú ló sì kàn báyìí. Ọgbà Universal (ilé iṣẹ́ ọgbà ìṣeré mìíràn tó ń bá Disney díje) tó ṣí ní Beijing ní 2021 ń fi ojú gba èèyàn wọlé. Ọdún yẹn náà ni Magic Kingdom fi nǹkan bí oṣù kan dán an wò. Epic Universe, tí Universal ṣí ní Orlando lóṣù Karùn-ún 2025, ń lò ó. Ìka, ó kéré tán, ìwọ lo gbé e lé ẹ̀rọ. Kámẹ́rà kò nílò kí ọmọ na ohunkóhun sí i. Bó bá ti ń rìn bọ̀, ó ti rí i.

Àwa ọmọ Nàìjíríà la sì máa ń yára jù. A ti tẹ ìka fún BVN, fún NIN, fún káàdì ìdìbò, fún síìmù, débi pé bí a bá ti rí gíláàsì tó ń tàn, ìka ti dé orí rẹ̀ ká tó béèrè. Ìjọba ní ìdí tirẹ̀ (bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn). Ṣùgbọ́n nítorí pé a fẹ́ lọ gun ẹṣin onígi tó ń yí po? Ní Èkó níbí, káàdì Cowry lásán ni ẹnu ọ̀nà rélùwéè Blue Line ń kà, ọkọ̀ sì ń lọ. Òfin tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní 2023 lórí ààbò ìsọfúnni ka ìka àti ojú sí ohun ẹlẹgẹ́, ó sì ní kí wọ́n gba àṣẹ òbí lórí ti ọmọdé. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ irú ọgbà bẹ́ẹ̀ ní Lẹ́kí tàbí Ìbàdàn lọ́la, kó kà á kó tó ra ẹ̀rọ.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ọgbà wọ̀nyí kò pọ̀. Kí wọ́n yọ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kúrò nínú ọ̀rọ̀ ìka àti ojú, àfi bí òbí rẹ̀ bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ tó sì fọwọ́ sí i. Tíkẹ́ẹ̀tì ọmọdé lè so mọ́ ti àgbà tó mú un wá. Èyí tó bá ti dàgbà tó láti dá wá, káàdì ilé ìwé rẹ̀ ti tó. Kí ìlà àwọn tó ń fi káàdì wọlé ní pátákó tirẹ̀, tó tóbi bíi ti àwọn yòókù. Kí wọ́n sì sọ ọ́ níbi tí èèyàn ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n tó gba owó, kì í ṣe lẹ́yìn tí bàálù ti balẹ̀. Florida, níbi tí ọgbà wọ̀nyí pọ̀ sí, kò ní òfin bíi ti Illinois. Àwọn aṣòfin ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà lọ́wọ́ wọn.

Títí dìgbà náà, òbí tó bá ń lọ, kó mú káàdì ìdánimọ̀ dání, kó sì sọ fún òṣìṣẹ́ kó tó kan ọmọ rẹ̀ pé òun kò fẹ́ kí ọmọ tẹ ìka. Bí ìlànà Disney ṣe wí, wọn kò ní tìtorí ìyẹn dá a padà.