Ìyẹ̀fun pípò kì í ṣe oúnjẹ ajá

Ẹ̀yin ará Kàbà, ọ̀kún o. Wọ́n ń pín in kiri pé ajá tó ń jẹ búrẹ́dì lè jẹ ìyẹ̀fun pípò, ìyẹn ìyẹ̀fun búrẹ́dì tí a ti pò tí a kò tíì yan, tó ṣẹ́kù sí abọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Iná ti pa yíìsì, èyí tó ń mú ìyẹ̀fun wú, nínú búrẹ́dì. Ti inú ìyẹ̀fun pípò ṣì wà láàyè, ooru ikùn ajá sì bá a lára mu. Á máa wú níbẹ̀, á máa di ọtí. Ikùn á le bí ìlù, ajá á máa rìn bí ọ̀mùtí.

Ẹ bu díẹ̀ nínú ìyẹ̀fun pípò náà sínú ife, ẹ gbé e síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún wákàtí kan, ẹ ó rí bó ṣe máa wú.

Bí ajá bá ti jẹ ẹ́, ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu, ó lè gba ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko kíákíá.